Robert Goddard: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣa àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì jọ títí tí ọ̀nà òṣùpá fi là

Ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1929, ariwo ńlá kan ta gbogbo ìlú Auburn jí. Ìlú kékeré ni Auburn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ará àdúgbò rí nǹkan tó ń jó geere lójú ọ̀run, wọ́n sì rò pé ọkọ̀ òfurufú ló já. Wọ́n ké sí ọlọ́pàá. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn náà sáré débẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn sì tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí wọ́n dé inú oko tí nǹkan náà já sí, wọn kò rí òkú, wọn kò sì rí ẹni tó fara pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan ni wọ́n bá níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣa irin tó ti ká kò nílẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣe ló fò sókè díẹ̀, tó yí ẹnu padà, tó sì já lulẹ̀.

Robert Hutchings Goddard ni orúkọ rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé òun wà lára àwọn tó bí ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì òde òní. Ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù ni pé nǹkan rẹ̀ máa ń já.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò kó lè mọ ohun tó gbé e ṣubú. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ayé Goddard ní kúkúrú, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó já tí kò padà lọ wò, kò sì sí èyí tó lè tún lò tó sọ nù.

Ọmọ aláìlera tó gun igi ṣẹ́rì

Ìlú Worcester, ní Massachusetts, ni wọ́n ti bí Goddard ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1882. Àwọn òbí rẹ̀, Nahum àti Fannie, kó lọ sí ìlú Boston nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ara ọmọ náà kò le. Lónìí inú rírun, lọ́la òtútù àyà. Àìsàn yìí dá a dúró níléèwé débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sílé lè kàwé, Goddard sì kàwé dáadáa. Ó ń yá ìwé sáyẹ́ǹsì ní ilé ìkàwé, ó sì ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò nílé. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, ó gbìyànjú láti fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe bàlúùnù tí yóò fò lọ sókè. Bàlúùnù náà wúwo jù, kò gbéra nílẹ̀. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọjá síbòmíràn. Àṣà kíkọ nǹkan sílẹ̀ yìí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1898, ikọ́ ife, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí TB, mú ìyá rẹ̀, ìdílé náà sì padà sí Worcester. Ibẹ̀ ni ohun tó yí ayé ọmọ náà padà ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1899, ó gun igi ṣẹ́rì kan lẹ́yìn ilé láti gé ẹ̀ka tó ti gbẹ. Bó ṣe wà lórí igi, ó ń ro bí ì bá ṣe rí tí ènìyàn bá lè ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò gbéra láti inú pápá tó ń wò lábẹ́ rẹ̀ yẹn, tí yóò sì fò lọ títí dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, ó sọ ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá di ọjọ́ ìrántí tirẹ̀. Kò sí ayẹyẹ, kò sí àlejò. Òun nìkan ló ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ìjì ńlá wó igi náà lọ́dún 1938, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú.

Èéfín níléèwé, ikọ́ nílé

Goddard jáde ní iléèwé girama lọ́dún 1904, òun ló sì ṣe ipò kìíní. Ó wọ iléèwé gíga Worcester Polytechnic Institute. Ní ọdún 1907, ó tan rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́tù kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ka físíìsì. Èéfín bo gbogbo ilé náà. Àwọn aláṣẹ iléèwé ì bá ti lé e jáde, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1908, ó lọ sí Yunifásítì Clark ní ìlú kan náà, ó sì di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 1911.

Ní ọdún 1913, nígbà tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Princeton, àìsàn tó mú ìyá rẹ̀ mú òun náà. Ikọ́ ife kò ní oògùn nígbà náà. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n sì sọ pé kò lè lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́.

Goddard kò kú. Ó padà sílé ní Worcester, ó dùbúlẹ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ sì ń le díẹ̀díẹ̀. Lórí ibùsùn náà ló ti ṣètò ìwé méjì tó fẹ́ fi gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Méjèèjì jáde ní oṣù Keje, ọdún 1914. Ọ̀kan dá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìpele ju ẹyọ kan lọ, tí ìpele kan yóò jó tán kí òmíràn tó gba iṣẹ́. Èkejì dá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lo epo olómi dípò ẹ̀tù. Títí di òní, orí èrò méjèèjì yìí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń gbé ènìyàn àti ẹrù lọ sókè dúró lé.

Kí ló dé tó fi fẹ́ epo olómi? Bí ẹ bá tan iná sí ẹ̀tù, ó ti gbiná nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe lè dín in kù tàbí pa á. Epo olómi lè gba inú ọ̀pá wọlé ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ti ẹ̀tù lọ bí ẹ bá gbé méjèèjì lé ìwọ̀n kan náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná kò lè jó láìsí ọ́síjìn, kò sì sí ọ́síjìn níbi tí Goddard fẹ́ lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní láti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání. Ọ́síjìn kì í sì í di omi àfi tó bá tutù dé ìwọ̀n ọgọ́sàn-án lé mẹ́ta lábẹ́ òdo, ìyẹn -183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tó gba irú òtútù bẹ́ẹ̀ lápá kan tó tún gba iná lápá kejì, iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn.

Bí ìwé ìròyìn ṣe sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́

Ní ọdún 1917, àjọ Smithsonian ní ìlú Washington fún un ní 5,000 dọ́là fún ìwádìí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, ọdún 1918, ó ti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ọmọ ogun lè fi ọ̀pá yìn, ó sì fi han àwọn ọ̀gá ológun. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní parí, wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni Smithsonian tẹ ìwé kékeré kan tí Goddard kọ nípa bí ènìyàn ṣe lè fi rọ́kẹ́ẹ̀tì dé ibi tó ga gan-an. Ìṣirò ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lápá ìparí, ó sọ pé ó ṣeé ṣe láti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀tù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ lọ sí òṣùpá, kí àwọn tó wà láyé lè fi awò rí i pé ó débẹ̀.

Àwọn akọ̀ròyìn fo gbogbo ìṣirò náà, ọ̀rọ̀ òṣùpá ni wọ́n gbé jáde. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi ojú ewé èrò olóòtú rẹ̀ bú ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Wọ́n ní kò mọ ohun tí ọmọ iléèwé girama mọ̀, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ tì.

Olóòtú náà ló ṣì í. Bí ẹ bá fẹ́ bàlúùnù tí ẹ sì jọ̀wọ́ ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde sẹ́yìn ló ń ti bàlúùnù náà síwájú. Kì í ṣe pé ó fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kan. Goddard ti ṣe àyẹ̀wò èyí nínú ọ̀pá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ọdún 1915, ó sì ti rí i pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n olóṣùpá. Láti ìgbà náà ni Goddard ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Kò fẹ́ kí akọ̀ròyìn mọ ohun tó ń ṣe, kò sì fẹ́ sọ ohun tó bá rí fún àwọn onímọ̀ mìíràn. Ọgbẹ́ yẹn kò jinná mọ́, ohun tó sì ná an yóò hàn lẹ́yìn náà.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ nínú oko kábéèjì

Ní ọdún 1924, ó fẹ́ Esther Kisk, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ààrẹ Yunifásítì Clark. Esther di ayàwòrán rẹ̀, ó ń tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀, òun náà ló sì ń pa iná tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá dá sínú koríko.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1926, tọkọtaya náà lọ sí oko mọ̀lẹ́bí Goddard kan ní Auburn. Àǹtí Effie ni Goddard ń pe ìyá tó ni oko náà. Oníṣẹ́ irin kan, Henry Sachs, àti olùkọ́ kan láti yunifásítì, Percy Roope, bá wọn lọ. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé dání kò jọ èyí tí ẹ mọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga tó mítà mẹ́ta. Iyàrá tí iná ti ń jó wà lókè, agolo bẹntiróòlù àti ti ọ́síjìn wà nísàlẹ̀. Goddard rò pé bí ẹ̀rọ bá ń fa agolo dípò kó máa tì í, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò dúró ṣánṣán.

Sachs fi iná tó so mọ́ orí ọ̀pá tan án. Fún ìgbà díẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń ké, kò sì kúrò lójú kan. Epo ní láti jó díẹ̀ kó tó fúyẹ́. Apá kan lára ẹnu tí iná ń gbà jáde jó dànù. Lẹ́yìn náà ló gbéra. Ó lọ sókè tó mítà 12.5, ó tẹ̀ sí òsì, ó sì já sínú oko kábéèjì ní mítà 56 sí ibi tó ti gbéra. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ lọ.

Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lo epo olómi fò. Kò sí fídíò rẹ̀. Fíìmù inú kámẹ́rà Esther kò ju ti ìṣẹ́jú àáyá méje lọ, ó sì ti tán kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kúrò nílẹ̀.

Ohun tí àfọ́kù sọ

Ohun tí Goddard ṣe lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí. Ẹlòmíràn ì bá gbé àfọ́kù náà kọ́ sára ògiri gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Goddard kó o padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: èwo ló jó, èwo ló tẹ̀, èwo ló ṣì dára? Èyí tó ṣì dára, wọ́n fi ṣe òmíràn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún wà ní oko Àǹtí Effie, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì tún fò.

Èrò rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ wà lókè kò jẹ́ òótọ́. Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń tẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún kan náà, ó tún un tò, ó gbé ẹ̀rọ wá sí ìsàlẹ̀ bí gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wà lónìí, ó sì fi àwọn irin tó ṣẹ́kù lára ti àkọ́kọ́ ṣe é. Ìdí nìyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì oko kábéèjì náà kò fi sí mọ́ láyé ní odindi. Inú àwọn tó tẹ̀lé e ló wà.

Ẹni tó bá ti wo bí mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàdàn, Kútọnù tàbí Accra yóò mọ irú ọgbọ́n yìí. Wọn kì í kàn ń pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tó bà á jẹ́, nítorí bí wọn kò bá mọ ìdí, èyí tuntun náà yóò bàjẹ́ bíi ti ìṣáájú.

Ó ní àṣìṣe tirẹ̀ o. Lọ́dún 1927, ó gbìyànjú láti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó tóbi tó ìlọ́po 20 èyí tó kọ́kọ́ fò. Kò ṣeé ṣe. Ó padà sẹ́yìn, ó ṣe èyí tó mọ níwọ̀n. Ó yé e pé bí nǹkan bá tóbi kíákíá jù, ènìyàn kò ní mọ ibi tí àṣìṣe ti wá nígbà tó bá já.

Ìdí nìyí tí èyí tó já lọ́dún 1929 kò fi bà á nínú jẹ́ tó bí àwọn aládùúgbò ṣe rò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbé kámẹ́rà, ẹ̀rọ tí ń wọn ooru, àti ẹ̀rọ tí ń wọn agbára afẹ́fẹ́ dání. Òun ni rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi àkọ́kọ́ tó gbé ohun èlò ìwádìí lọ sókè. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà kò fọ́. Lójú Goddard, iṣẹ́ ti ṣe.

Lójú ìjọba, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀gá àwọn panápaná ní ìpínlẹ̀ náà kà á léèwọ̀ fún un láti tan rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ní Massachusetts. Ìwé ìròyìn tún fi ọ̀rọ̀ òṣùpá ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ó ní láti gba ààyè nínú bárékè ológun kan kó tó lè máa ṣiṣẹ́.

Àlejò kan láti ojú ọ̀run

Ariwo náà ló mú oore wá. Charles Lindbergh, awakọ̀ òfurufú tó kọ́kọ́ dá fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì láìdúró lọ́dún 1927, gbọ́ nípa ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó lọ bá a ní Worcester ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1929. Ohun tó rí wú u lórí, ó sì bá a wá owó. Lọ́dún 1930, olówó kan, Daniel Guggenheim, gbà láti ná 100,000 dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin.

Goddard, ìyàwó rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin kó ẹrù lọ sí Roswell, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Aṣálẹ̀ ni. Kò sí aládùúgbò tí yóò ké sí ọlọ́pàá, ojú ọjọ́ sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n sì gbé òpó irin gíga kan kalẹ̀ ní àfonífojì kan tó ń jẹ́ Eden Valley. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1930, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn fò dé nǹkan bíi mítà 600.

Iṣẹ́ tó kù wá di àtúnṣe léraléra. Iná ń jó ògiri iyàrá ẹ̀rọ débi tó ń lu. Goddard ṣètò kí epo díẹ̀ máa ṣàn lára ògiri náà nínú, kí òun gba ooru dípò irin. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀. Ó fi gyroscope sí i, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń yí kíákíá tí kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá tẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà yóò mú kí àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lójú iná tì í padà. Èyí tó fi èyí dán wò ní oṣù Kẹrin, ọdún 1932 kò ga ju nǹkan bíi mítà 41 lọ. Párásúùtì náà ń dààmú wọn: nígbà mìíràn kò ní ṣí, nígbà mìíràn yóò ṣí láìtọ́jọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì fi oṣù púpọ̀ ṣe yóò di àfọ́kù láàárín ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n á lọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n á kó o, wọ́n á tú u palẹ̀. Esther á ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Goddard á kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Owó tán lọ́dún 1932 nítorí ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀, ó padà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Clark fún ọdún méjì. Nígbà tí àjọ Guggenheim tún ṣí ọwọ́ lọ́dún 1934, ó padà sí Roswell. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 1935, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní gyroscope fò dé mítà 1,460, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 885 láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí Lindbergh àti Harry Guggenheim, ọmọ Daniel, wá láti fojú ara wọn rí i, rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò fò. Àwọn àlejò náà kò bínú. Owó kò dáwọ́ dúró.

Láàárín ọdún 1926 sí 1941, rọ́kẹ́ẹ̀tì 34 ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fò. Èyí tó ga jù, ní oṣù Kẹta, ọdún 1937, dé nǹkan bíi kìlómítà 2.6.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ná an

Ibí yìí ni ìtàn Goddard ti korò. Kò ṣe òun nìkan láyé. Konstantin Tsiolkovsky ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Hermann Oberth, tó ń kàwé ní Jámánì, kọ̀wé sí Goddard lọ́dún 1922 láti tọrọ ìwé rẹ̀. Lọ́dún 1936, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan, Frank Malina, wá bá a ní Roswell láti California. Goddard gbà á lálejò, ṣùgbọ́n kò fi ohun tó ṣe pàtàkì hàn án. Malina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yẹ̀yẹ́ ọdún 1920 wà lára ohun tó fà á. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ẹkòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí Goddard ṣe ń fi òṣìṣẹ́ díẹ̀ tún àfọ́kù ṣe nínú aṣálẹ̀, ìjọba Hitler kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ sí Peenemünde. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 1942, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wá ń pè ní V-2 fò kọjá kìlómítà 80 sókè. Láti ọdún 1944, wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará London. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi tipátipá kó ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú síbi iṣẹ́ náà.

Lásìkò ogun náà, Goddard ti wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis, ó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò ran ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ láti gbéra. Lọ́dún 1945, wọ́n gbé àfọ́kù V-2 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá wá fún un. Ó wo inú rẹ̀, bó ṣe ń wo ti ara rẹ̀ láti ọdún 1926. Ó rí epo olómi, ó rí gyroscope, ó rí abẹ̀bẹ̀ irin lójú iná. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ òun ni wọ́n wò kọ. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí èyí. Ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn ará Jámánì dá tiwọn rí fúnra wọn.

Esther kò jẹ́ kó parí síbẹ̀

Àìsàn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mú Goddard lọ́dún náà. Ó kú ní Baltimore ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1945, lẹ́ni ọdún 62. Wọ́n sin ín sí Worcester. Ọdún méjìlá kù kí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó lọ sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó yẹ. Ó jókòó ti àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì ń bá a gba ìwé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ ìjọba. Nínú 214 tó jẹ́ ti Goddard, 131 ló jẹ́ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n béèrè fún un. Lọ́dún 1959, àjọ NASA fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó ìwádìí rẹ̀ ní Greenbelt, ní Maryland. Lọ́dún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù kan dọ́là fún Esther àti àjọ Guggenheim nítorí àwọn ìhùmọ̀ tí wọ́n ti ń lò.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1969, New York Times tẹ àtúnṣe ọ̀rọ̀ tó kọ ní 1920, ó sì gbà pé òun ṣì í. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Apollo 11 ti gbéra ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó ń gbé ènìyàn mẹ́ta lọ sí òṣùpá. Ogójì ọdún gééré ló pé sí ọjọ́ tí ọlọ́pàá sáré dé oko Àǹtí Effie.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Lọ́dún 2007, Nàìjíríà rán sátẹ́láìtì NigComSat-1 lọ sókè. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, iná rẹ̀ kú, òun náà sì kú. Ọ̀pọ̀ ló fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, gbéra. Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi ló gbé méjèèjì.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2017, sátẹ́láìtì kékeré méjì tún lọ: Nigeria EduSat-1 ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, àti GhanaSat-1 ti Yunifásítì All Nations ní Koforidua. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó gbé wọn ń lo ọ́síjìn olómi bíi ti Goddard. Àgò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ó ti lọ sókè lọ́dún 2014, ó padà wálẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún fi rán iṣẹ́.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Goddard tún tò ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1926 ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfurufú ní Washington. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tó ṣẹ́kù láyé, irin tó já sínú oko kábéèjì sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, kò fò. Goddard gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.